Ìyá Òǹtẹ̀ àti Ọkọ̀ Inú Amọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀ láti wá ohun àwọn ará àtijọ́, bó fẹ́ bó kọ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ gòkè lọ bá Ìyá Òǹtẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìjọba kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga débi pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti dàgbà máa ń dúró ní àárín kí wọ́n mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá dé òkè á bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú, tí kò ní gbójú sókè àfi tó bá ka ohun tó ń kà tán. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, yíǹkì wà lápá òsì, àárín méjèèjì sì ni ìrètí ọ̀pọ̀ ọmọ aráyé ń sùn sí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló sọ ọ́ ní Ìyá Òǹtẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i. Ká sòótọ́, orúkọ náà máa ń dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó fẹ́ walẹ̀ á mú àwòrán ilẹ̀ wá, á mú ìwé wá pé onílẹ̀ gbà, á sọ ibi tí yóò kó ohun tó bá rí sí àti bí kò ṣe ní jẹ́ kó bàjẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, á gba ìwé àṣẹ ìwalẹ̀. Ìyẹn nìkan ò sì tó o. Bó bá rí nǹkan, kò gbọdọ̀ gbé e kúrò lójú ibi tó ti rí i àfi bó bá tún gba ìwé àṣẹ ìgbékúrò. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn máa ń sọ pé bó bá jẹ́ obìnrin yìí ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run, àwọn olódodo pàápàá á ṣì wà lórí bẹ́ńṣì.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì náà, akọ̀wé kékeré ni, ọ̀gá tó sì wà lórí àga yẹn nígbà náà jẹ́ èèyàn dáadáa, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, tí kì í lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Àna ọ̀gá yìí wá ní òun fẹ́ walẹ̀ níbì kan, ọ̀gá sì fún un láṣẹ láìwo ìwé kankan. Àna rí àwọn ère amọ̀, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n padà, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Nígbà tí ojú kúrò níbẹ̀, ó padà lọ hú wọn, ó sì tà wọ́n. Nígbà tí àṣírí tú, Ìyá Òǹtẹ̀ ló di ẹrù ọ̀gá rẹ̀ sínú páálí. Ó rí bí bàbá náà kò ṣe lè wo ẹnikẹ́ni lójú títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé náà.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ẹ̀rù bá kọ́ni máa ń ní àléébù tirẹ̀, a kì í sì í tètè rí àléébù ọ̀hún. Nígbà tí òun náà gorí àga yẹn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan kún gbogbo ìwé àṣẹ ìwalẹ̀: ohun tí a bá ti hú jáde, a kò gbọdọ̀ gbé e, a kò sì gbọdọ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà, títí ọ́fíìsì yóò fi pàṣẹ. Gbogbo èèyàn ló yìn ín fún ìlà yẹn. Ó tún pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ní ṣojúsàájú fún ẹ̀dá alààyè kankan, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá òun.

Ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló sì ní. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yìí ṣì ń rákòrò nígbà tí ìyá wọn kú. Òun ló tọ́ ọ, òun ló rán an nílé ẹ̀kọ́, ọmọ náà kò sì mọ ìyá mìíràn. “Ọkọ mi” ló máa ń pè é. Nígbà tó dàgbà tó ní iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn lòun fẹ́ ṣe, inú Ìyá Òǹtẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já, nítorí ó mọ ọ́fíìsì tí gbogbo oníṣẹ́ yẹn ń gbà kọjá. Ó pè é jókòó, ó ní kò gbọdọ̀ fi orúkọ òun wọlé síbikíbi, kò gbọdọ̀ tẹ òfin kankan lójú, torí ojú gbogbo ayé á wà lára àwọn méjèèjì. Àbúrò gbọ́, ó gbà, ó sì pa á mọ́. Ọmọ tó gbọ́ràn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń wù mí ká ní ó ya alágídí díẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀ bíríkì ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Oníbíríkì tó nilẹ̀ kan igi nísàlẹ̀ ihò, níbi tí amọ̀ ti dúdú tó sì tutù. Ó rí i pé kò jọ gbòǹgbò, ló bá ránṣẹ́ pe àbúrò, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Àbúrò gba ìwé àṣẹ ìwalẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbà á, ó fara balẹ̀ fi ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì kó amọ̀ kúrò, ohun tó sì jáde ya gbogbo wọn lẹ́nu. Odindi ọkọ̀ ojú omi ni, tí wọ́n gbẹ́ látara igi kan ṣoṣo, tí ipa àáké ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣì hàn nínú rẹ̀ kedere. Kò sí odò kankan nítòsí ibẹ̀ mọ́. Amọ̀ tútù ló di ọkọ̀ náà mọ́ra láti ayébáyé tí atẹ́gùn kò fi kàn án.

Irú igi bẹ́ẹ̀, omi tó wà lára rẹ̀ ló gbé e dúró. Bí oòrùn bá fi lè rí i, á sún kì, á là, á sì wó. Ńṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ tètè gbé e lọ sínú agbada omi ńlá nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lè gbẹ láìbàjẹ́. Agbada náà ti wà nílẹ̀, wọ́n ti pọn omi kún un. Lọ́rì tó máa gbé e ti wà. Ohun tó kù kò ju ìwé àṣẹ ìgbékúrò lọ, àbúrò sì kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Òfin fàyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Àṣẹ pàjáwìrì wà, tí Ìyá Òǹtẹ̀ lè fọwọ́ sí lójú ẹsẹ̀ láìdúró de ìgbìmọ̀ tó ń jókòó ní ìparí oṣù. Ó ti fọwọ́ sí i rí fún àwọn tó ń la títì tí wọ́n hú ibojì àtijọ́. Ó ti fọwọ́ sí i fún ọ̀jọ̀gbọ́n àjèjì kan tí kò mọ̀ rí, tí òjò fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Òfin tún sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí òṣìṣẹ́, kó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Igbákejì rẹ̀ ni ẹlòmíràn yẹn, ọkùnrin kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Jẹ́jẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó ní kó gbé fáìlì náà fún òun. Ìyá Òǹtẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Bí Jẹ́jẹ́ bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní òun ló rán an. Bí òun fúnra òun bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Kí fáìlì náà lọ bá ìgbìmọ̀, kí gbogbo ayé rí i pé òun ò gba ẹ̀bùrú fún ẹnikẹ́ni.

“Mà, ká ní ẹlòmíì ni, ẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i láti àárọ̀,” Jẹ́jẹ́ sọ fún un. “Tá a bá ní a ò ṣojúsàájú, ṣé a wá gbọ́dọ̀ máa fìyà jẹ ará ilé ẹni ni?”

Ìyá Òǹtẹ̀ wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀. “Ìwọ ò sí níbí lọ́jọ́ tí mo di ẹrù ọ̀gá mi sínú páálí.”

Jẹ́jẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò pè lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, kànga oníbíríkì sì ti ń fà sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ àpò tútù lé ọkọ̀ náà, wọ́n na tapólì sókè rẹ̀, wọ́n sì ń da omi sí i lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbẹ ń gba abẹ́ tapólì wọlé. Ó ní bí àṣẹ ìgbékúrò bá máa pẹ́, kí Àǹtí jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun kó amọ̀ tútù bò ó padà, kó máa sùn níbi tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó.

“Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ ẹ?” Ìyá Òǹtẹ̀ bi í.

“Pé a ò gbọdọ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà.”

“Ṣé o wá fẹ́ kí n yí i padà torí tìẹ ni?”

“Rárá, Àǹtí.”

“Sùúrù ni baba ìwà, ọkọ mi. Oṣù ò ní pẹ́ parí.”

Àbúrò dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nǹkan kan gún Ìyá Òǹtẹ̀ láyà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó rò pé ìfẹ́ ọmọ ìyá tó ń wá ọ̀nà láti dán òun wò ni. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé òun borí ìdánwò. Ó fa fáìlì mìíràn sọ́dọ̀, ó sì ń kà á. Sùúrù dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń ní sùúrù. Igi kì í ní in.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Amọ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀ àti etí ṣòkòtò rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn tó ń dúró, Ìyá Òǹtẹ̀ sì rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó pe obìnrin tó fẹ́ walẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, ó pe bàbá tí ìwé onílẹ̀ rẹ̀ kò pé, ó pe gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dé, ó sì bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Nígbà tó kan àbúrò, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì dìde dúró. Nílé, Àǹtí ló máa ń pè é. Níbí, nítorí àwọn òṣìṣẹ́, mà ló pè é.

“Ó ti ń là, mà,” ó ní. “Láti imú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà ò tíì tóbi, àmọ́ ó ń sáré.”

Ìyá Òǹtẹ̀ béèrè bóyá ìwé tó fi sílẹ̀ pé. Ó ní ó pé. Ìyá Òǹtẹ̀ ní ó dáa, ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbúrò wo òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ó dáa mà, ó sì jáde. Ohun tó ń dun Ìyá Òǹtẹ̀ jù títí dòní nìyẹn. Àbúrò ò bẹ̀bẹ̀, kò pariwo, kò sọ pé ṣebí ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ká ní ó fọwọ́ lu tábìlì lásán ni, bóyá ojú òun ì bá là.

Láti ojú fèrèsé, ó rí i tó ń sọdá títì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́ máa fi pọn omi. Ó ń ṣe é bíi kó pè é padà. Ó tiẹ̀ ti fọwọ́ kan férémù fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ti wọlé, ó ti jókòó, ó sì ti ń kí i.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ rárá. Alága ka ìwé náà, ó gbójú sókè, ó sì béèrè pé kí ló dé tí èyí fi dé ọ̀dọ̀ àwọn, ṣebí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Wọ́n fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń wo orí tábìlì. Ìyá Òǹtẹ̀ lu òǹtẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé mọ́tò ọ́fíìsì, òun fúnra òun lòun máa mú un lọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún awakọ̀ pé kó sáré díẹ̀ sí i, òun tó máa ń torí eré sísá bú àwọn awakọ̀.

Oníbíríkì ló kọ́kọ́ rí nígbà tó dé. Ó jókòó sórí òkìtì bíríkì, kò sì dìde kí i. Ó kàn sọ fún un pé kànga ti gbẹ láti ọjọ́ mélòó kan, pé omi tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé láti ìgboro kò tó nǹkan kan. Ó ní òun sọ fún àbúrò pé kó kó amọ̀ bo nǹkan náà jàre, òun lòun nilẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i. Àbúrò ní rárá, òun ò lè fi orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ṣeré.

Ìyá Òǹtẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò náà pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì. Ọkọ̀ náà ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ó ti là gbooro láti imú dé ìdí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wó, ara igi sì ti ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, tí èèyàn kò fi lè mọ̀ pé àáké kàn án rí. Àbúrò lóṣòó tì í. Ó dìde nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ìwọ̀nba omi tó kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣan ọwọ́, ó nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé àṣẹ. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọkọ̀ náà sínú páálí, nítorí àṣẹ ti wà wàyí pé kí wọ́n gbé e. Ìyá Òǹtẹ̀ dúró síbẹ̀, kò mọ ohun tó lè ṣe. Ó fẹ́ bá wọn ṣa á, ẹ̀rù ń bà á pé bóun bá fọwọ́ kàn án, á tún fọ́ sí i.

Àwọn ará ọ́fíìsì ń tù ú nínú. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó dá wọn lóhùn pé agbè gan-an ló fọ́, ọwọ́ òun ló sì ti já bọ́. Ó pa ìlà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ rẹ́ kúrò nínú ìwé àṣẹ, ó kọ òmíràn tó gbọ́n ju ìyẹn lọ, tó fàyè gba kí wọ́n bo ohun tútù padà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti lè sọ pé nǹkan òun ń bàjẹ́, kíá ló ń fọwọ́ sí i. Àwọn awalẹ̀pìtàn ń sọ pé Ìyá Òǹtẹ̀ ti rọ̀. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ó sì máa ń sọ èèyàn di ẹni pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tó nílò pẹ̀lẹ́ náà ti kọjá lọ.

Àbúrò kò walẹ̀ mọ́. Kò sì sọ pé òun ò ní walẹ̀ mọ́. Kò kàn tún mú ìwé kankan wá ni. Inú kíláàsì ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti inú ìwé tí àwọn ẹlòmíì kọ nípa ohun tí àwọn ẹlòmíì hú. Ó ń mú ìyàwó àti àwọn ọmọ wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti yẹ, wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣàwàdà, wọ́n á sọ ti ìlera àti ti owó ilé ẹ̀kọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sún mọ́ ti iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn á dìde, á ní òun fẹ́ wo nǹkan ní kíṣìnnì. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí Ìyá Òǹtẹ̀ fi fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ṣe ayẹyẹ fún un ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ilé náà. Gbogbo bẹ́ńṣì ló kún. Àbúrò àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, sápá àwọn ẹbí. Ọ̀gá pátápátá kan wá láti olú iléeṣẹ́ ìjọba, ẹni tí kò gun àtẹ̀gùn yẹn rí láyé rẹ̀, ó gba gbohùngbohùn, ó sì ní òun fẹ́ sọ ìtàn kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi kọ́gbọ́n. Ó ní àbúrò obìnrin yìí, ọmọ ìyá rẹ̀, rí ọkọ̀ kan tó ṣeyebíye, ó mú ìwé wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì ní kó lọ tò sẹ́yìn àwọn tó kù. Ó ní ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀, kó má ṣe iṣẹ́ ìjọba. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Òǹtẹ̀ wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà ń pàtẹ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe nítorí ìwà ọmọlúàbí.

Nígbà tí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un, ó dìde dúró. Ó ní, “Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Àṣìṣe ni mo ṣe. Ọkọ̀ yẹn ì bá wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí.”

Ló bá di pé ọ̀gá pátápátá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀, ẹ wo bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì tún pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, òun àti àbúrò, tó ti káwọ́ lé itan, tó ń wo ilẹ̀.

Àbúrò ló bá a gbé ẹ̀bùn rẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá Òǹtẹ̀ ní kó má bínú, ó ní ó ti yẹ kí òun ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn nínú ihò, ẹnu òun ni kò gbà á. Àbúrò gbé ẹ̀bùn náà sẹ́yìn mọ́tò, ó sì yíjú sí i.

“Àǹtí, èmi náà lẹ́bi,” ó ní. “Amọ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. “Àmọ́ mo ti ń fẹ́ bi yín léèrè látọjọ́ yẹn. Ká ní mo bò ó, tẹ́ ẹ wá dé bá a lábẹ́ amọ̀, kí lẹ máa ṣe?”

Ìyá Òǹtẹ̀ fẹ́ sọ pé òun á dì mọ́ ọn, òun á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó mọ obìnrin tó ń jókòó sórí àga yẹn nígbà náà, kò sì lè parọ́ mọ́ ọn.

“Màá gba ìwé àṣẹ ẹ lọ́wọ́ ẹ,” ó ní. “Màá kọ orúkọ ẹ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yín.”

Àbúrò mi orí. “Mo mọ̀,” ó ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dì í mú títí ìyẹn fi wọlé tó sì kó etí aṣọ rẹ̀ wọlé tán.